BP mi ti wálẹ̀ sí 124/78. Ṣé mo lè dá oògùn dúró báyìí?

Àkànní Oníbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdún 56 ni mí. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi tó jẹ́ 168/102. Wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ méjì mìíràn, ibì kan náà ló wà. Wọ́n ní kọlẹ́sítéróòlù burúkú, èyí tí wọ́n ń pè ní LDL, náà ga, ó jẹ́ 4.6 mmol/L. Dókítà wá kọ oògùn mẹ́ta fún mi: amlodipine 10 àti lisinopril 10 fún BP, àti atorvastatin 40, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn statin, fún kọlẹ́sítéróòlù. Mo ń lò wọ́n, n kò fo ọjọ́ kan.

Láàárọ̀ òní, mo wọn BP mi, 124/78 ni. LDL ti di 2.3. Ara ti yá, àbí? Ṣùgbọ́n kókósẹ̀ mi máa ń wú nírọ̀lẹ́ débi pé ìbọ̀sẹ̀ ń fi àpá sí i. Ikọ́ gbígbẹ kan ò jẹ́ kí n sùn láti bí oṣù mẹ́rin. Itan méjèèjì tún ń ro mí láìpẹ́ yìí. Ìyàwó mi ní oògùn ti pọ̀ jù lára mi, kí n sinmi díẹ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Àkànní, ẹ má dán an wò o! Èmi ti gbọ́n irú ọgbọ́n yẹn rí. Ó di ọdún 11 báyìí tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún kẹta, nọ́ńbà mi dára bíi ti ọmọge, ni mo bá kó gbogbo oògùn jù sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan kan, mo ti ń fi dókítà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọmọ mi fipá wọ̀n mí: 182/110.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Orí ò fọ́ mi. Òòyì ò kọ́ mi. Mo ti jẹun, mo ti rẹ́rìn-ín, mo ti bá aládùúgbò jà lọ́jọ́ yẹn. Ara mi ò sọ nǹkan kan fún mi.

Má-fi-oògùn-pa-mí

Wọ́n ti tún dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, oògùn títí ọjọ́ ikú ni. Èmi náà ní kọlẹ́sítéróòlù tó ga, mo sì kọ statin jálẹ̀. Oníhóró àdánidá ni mò ń lò, èyí tí wọ́n fi ìrẹsì pupa oníwúkàrà ṣe. Kò ní kẹ́míkà nínú, LDL mi sì ti wálẹ̀. Ara ẹni làá gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Bí itan yín bá ń ro yín, ara yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn.

Apoògùn Ojú Fèrèsé

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ apoògùn ni mò ń ṣe. Nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn ni mo máa ń jókòó sí, ìbéèrè yín yìí sì ni mo ń gbọ́ jù níbẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oògùn ibà, tí èèyàn á lò tán tí àìsàn á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. 124/78 tí ẹ rí yẹn, oògùn ló gbé e síbẹ̀, òun náà ló sì ń dì í mú. Tí oògùn bá ti kúrò, nọ́ńbà á padà sókè, ó kàn lè má yára ni. Amlodipine pàápàá máa ń pẹ́ nínú ara: ó tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Bó bá jẹ́ òun ni Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ ń lò, ó lè wà lára ìdí tí wọn ò fi rí nǹkan kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí ẹ máa jìyà. Ẹ kó ẹjọ́ mẹ́ta wá, ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní oògùn tirẹ̀ tí a lè fura sí. Ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ikọ́. Lisinopril ni mo fura sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń dí ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́, èyí tó ń ṣe ohun tó máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ́ńsáìmù yẹn kan náà ló máa ń fọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ bradykinin sí wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá ti so ó lọ́wọ́, bradykinin á gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á wá máa mú kí ọ̀nà ọ̀fun yún. Oògùn ikọ́ kankan ò ran irú ikọ́ yẹn, ẹ má wulẹ̀ náwó sí i. Dókítà lè pààrọ̀ lisinopril sí ọ̀kan lára àwọn ìbátan rẹ̀ tí orúkọ wọn parí sí "sartan", bíi losartan, valsartan tàbí telmisartan. Àwọn yẹn ń gba ọ̀nà mìíràn ṣe iṣẹ́ kan náà, wọn kì í sábà fa ikọ́. Ikọ́ yín á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe lo méjèèjì pa pọ̀ o. Bí ètè, ahọ́n tàbí ojú yín bá sì ṣàdédé wú nígbà tí ẹ bá wà lórí lisinopril, ẹ má dúró de èsì lórí ìjíròrò yìí, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ sáré gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ.

Kókósẹ̀. Amlodipine ló nì yẹn. Ó ń tú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, àwọn tó ń gbé e padà ò sì tú tó bẹ́ẹ̀. Omi á wá jò jáde sínú ẹran ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé omi ti pọ̀ jù lára yín, ìdí rèé tí oògùn tó ń múni tọ̀ kì í fi tán irú wíwú yẹn. Ohun tó ń tán an ni kí wọ́n dín amlodipine kù. Wíwú náà pọ̀ lórí ìwọ̀n 10 ju lórí 5 lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dín in kù, wọ́n á ní láti fi nǹkan mìíràn kún un kí BP má baà gòkè. Ẹ ní kí dókítà tún rí i dájú pé kì í ṣe ọkàn tàbí kíndìnrín ló ń fa wíwú ọ̀hún, pàápàá bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ tàbí bí ẹ bá ń mí gúlegúle.

Itan. Ibí yìí ló ṣòro díẹ̀, màá padà wá sórí rẹ̀ lálẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ìtọ̀ yín ti dúdú bíi omi tíì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá statin dúró kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lónìí.

Àkànní Oníbéèrè

Rárá o, ìtọ̀ mi mọ́. Ẹ ṣé gan-an. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń mu omi oyin nítorí ikọ́ yìí!

Nọ́ọ̀sì Àìsùn

Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn wọlé. Ẹ̀gbọ́n, 124/78 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ wọ̀n ọ́n? Báwo lẹ ṣe jókòó?

Mo ti rí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn dé, tó na apá sílẹ̀, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó sì fi aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá, èyí tó kéré jù, wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà tó jáde lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni ta lọ́tìrì ni. Ẹ má mu kọfí, ẹ má mu sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ lọ tọ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ẹ má ká ẹsẹ̀ léra. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó wà ní déédéé ọkàn. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un wọ̀n. Láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí kò dára, torí àwọn tó ń kọ èyí tó dára nìkan pọ̀! Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà. Tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n nílé, 135/85 ni wọ́n sábà ń kà sí pé ó ga, kì í ṣe 140/90 ti ilé ìwòsàn, torí ara máa ń balẹ̀ nílé.

Má-fi-oògùn-pa-mí

Ẹ wo bí gbogbo wọn ṣe dà bo ọkùnrin yìí. Kò sí ẹni tó fèsì lórí ìrẹsì pupa tèmi, àbí ẹ ò rí i sọ?

Apoògùn Ojú Fèrèsé

Mo rí i sọ. Ohun tó ń mú LDL yín wálẹ̀ nínú ìrẹsì pupa yẹn ń jẹ́ monacolin K. Orúkọ rẹ̀ kejì ni lovastatin. Statin lẹ ń mu, ọ̀gá mi.

N kò fi yín ṣe ẹ̀sín o. Statin fúnra rẹ̀, ara olú kéékèèké bíi èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bàjẹ́ ló ti wá. Ọmọ Japan kan tó ń jẹ́ Akira Endo ló fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú olú bẹ́ẹ̀ wádìí, tó fi rí èyí àkọ́kọ́ lára Penicillium citrinum lọ́dún 1973. Òun kan náà ló tún yọ monacolin K lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìrẹsì pupa yín yẹn, lọ́dún 1979. Ọdún 1987 ni wọ́n fọwọ́ sí lovastatin ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí oògùn. Kódà captopril, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n pátápátá fún lisinopril, oró ejò jararaca ti ilẹ̀ Brazil ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lórí hóró tí èmi ń fún èèyàn, ìwọ̀n wà lára páálí, ó sì dájú. Nínú ti yín, ọ̀kan lè ní púpọ̀, òmíràn lè máà ní rárá. Bí iṣan bá máa ro yín nítorí statin, á ro yín lórí ti yín náà. Ẹ sì sọ fún dókítà yín pé ẹ ń lò ó, kí wọ́n má baà kọ clarithromycin, oògùn kan tó ń pa kòkòrò àìsàn, fún yín tán kí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ara fọ́ lovastatin, á wá kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ.

Má-fi-oògùn-pa-mí

Hmm.

Ọmọ Ìrọ̀lẹ́

Hahaha, "Hmm" yẹn tó ìwé kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àárọ̀ ni kí n máa lo oògùn BP ni àbí alẹ́? Ọ̀rẹ́ mi kan fi dá mi lójú pé alẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Apoògùn Ojú Fèrèsé

Ìgbà tí ẹ ò ní gbàgbé ni. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní TIME, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2022, kó èèyàn tó lé ní 21,000 jọ, àwọn kan ń lò ó láàárọ̀, àwọn kan lálẹ́. Kò sí ìyàtọ̀ nínú iye àwọn tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ mú. Èyí tó ń múni tọ̀ nìkan ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n lò láàárọ̀, kí oorun má baà di ìrìn-àjò ilé ìtọ̀. Ní ti statin, simvastatin máa ń tètè jáde lára, ẹ̀dọ̀ sì máa ń ṣe kọlẹ́sítéróòlù jù lóru, torí náà alẹ́ ló dára fún un. Atorvastatin àti rosuvastatin ń pẹ́ lára, ìgbàkígbà ni.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀ itan.

Statin lè fa ìrora iṣan, òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìrora tó bá èèyàn nígbà tó ń lò ó ni kì í ṣe òun. Wọ́n ṣe ìwádìí kan tó ń jẹ́ SAMSON, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2020. 60 èèyàn tí wọ́n ti pa statin tì nítorí ìnira ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fún wọn ní ìgò méjìlá fún oṣù méjìlá: mẹ́rin ní statin nínú, mẹ́rin ní hóró tí kò ní oògùn nínú, mẹ́rin ṣófo. Lóṣù tí ìgò ṣófo, ara tù wọ́n. Lóṣù statin, ara ro wọ́n. Lóṣù hóró tí kò ní oògùn, ara ro wọ́n tó bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti statin. Ìrora náà kì í ṣe irọ́ o, ara wọn ro wọ́n ní tòótọ́. Ìfòyà ló ń bí púpọ̀ nínú rẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá ti yín wà lára ìyẹn. Ohun tí dókítà lè ṣe ni kó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún CK, èyí tó máa ń ga bí iṣan bá ń bàjẹ́. Kó yẹ ẹṣẹ́ táíróìdì náà wò, torí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dín kù, òun fúnra rẹ̀ lè fa ìrora iṣan, kó sì tún gbé kọlẹ́sítéróòlù sókè. Wọ́n lè dá statin dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti wò ó. Tó bá jẹ́ òun ní tòótọ́, ọ̀nà ṣì pọ̀: statin mìíràn, ìwọ̀n tó kéré pẹ̀lú ezetimibe tó ń dènà kọlẹ́sítéróòlù látinú ìfun, tàbí abẹ́rẹ́ bíi evolocumab fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le.

Àrẹ̀mọ Bàbá

Oògùn mẹ́rin ni bàbá mi ń lò, BP wọn ò sì kúrò ní 160. Dókítà ti ń bínú pé wọn kì í lò ó. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń lò ó lójoojúmọ́! Kí ló lè fà á?

Nọ́ọ̀sì Àìsùn

Ṣé ẹ̀yìn tàbí orúnkún ń dùn wọ́n? Kí ni wọ́n ń lò sí i?

Àrẹ̀mọ Bàbá

Diclofenac ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ó ti lé lọ́dún kan. Wọ́n ń rà á fúnra wọn, kò sí lára oògùn tí dókítà kọ.

Nọ́ọ̀sì Àìsùn

A ti rí afurasí kan. Diclofenac, ibuprofen, naproxen, gbogbo wọn ló ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú, BP á sì gòkè. Wọ́n tún ń ba iṣẹ́ oògùn BP jẹ́. Bí wọ́n bá wà pẹ̀lú lisinopril tàbí losartan àti oògùn tó ń múni tọ̀, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbé gbogbo páálí oògùn ilé lọ bá dókítà, títí kan èyí tí ẹ rò pé kì í ṣe oògùn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò tí BP ò sì wálẹ̀, wọ́n á wá wádìí nǹkan mìíràn, bóyá kí wọ́n fi oògùn BP mìíràn tó ń jẹ́ spironolactone kún un.

Àbẹ̀kẹ́ 34

Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi. Lisinopril àti atorvastatin ni mò ń lò, èmi àti ọkọ mi sì ti ń gbìyànjú láti lóyún láti oṣù tó kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orúkọ lisinopril nínú ọ̀rọ̀ yín ni ọkàn mi fò.

Apoògùn Ojú Fèrèsé

Àbúrò mi, inú mi dùn pé ẹ béèrè báyìí. Ẹ pe dókítà yín lọ́la, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lisinopril àti gbogbo ìdílé rẹ̀, pẹ̀lú àwọn "sartan", kò dára fún aboyún: wọ́n lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Labetalol, nifedipine tó ń tú díẹ̀díẹ̀ àti methyldopa ni wọ́n sábà ń lò dípò wọn. Statin náà, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń dá a dúró títí ẹ ó fi bímọ tán. Ẹ má kàn da gbogbo rẹ̀ nù lálẹ́ òní o, BP tó ga nínú oyún léwu fún yín àti fún ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.

Má-fi-oògùn-pa-mí

Ìbéèrè gidi ni mo fẹ́ bi báyìí, kì í ṣe ìjà. Ẹni tí kò tíì ní àrùn ọkàn rí, tí ohunkóhun ò ṣe rí, kí ló dé tí wọ́n á fi kó oògùn BP àti ti kọlẹ́sítéróòlù pọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé èèyàn ni wọ́n ń wò ni àbí nọ́ńbà?

Apoògùn Ojú Fèrèsé

Ìbéèrè tó dára jù lórí ìjíròrò yìí nìyẹn.

Ẹ ronú nípa inú òpó ẹ̀jẹ̀ bí ògiri tí wọ́n rẹ́. BP tó ga ń gbá ògiri náà lọ́sàn-án lóru, ó ń mú ibi tí wọ́n rẹ́ sán. LDL ń gba ojú ibi tó sán wọlé, ó ń wú lábẹ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan ibẹ̀ á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí. Bó bá jẹ́ inú ọkàn, èèyàn lè ṣubú lulẹ̀. Bó bá jẹ́ ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni. Méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ibi kan náà ni, torí náà wọ́n máa ń bá wọn wí pa pọ̀.

Bí ìwọ̀n òkè BP bá fi 10 wálẹ̀, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bí LDL bá fi 1 mmol/L wálẹ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún ohun kékeré, ohun kékeré ni. Ọmọ ọdún 35 tó jẹ́ 142/90, tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, tí kì í mu sìgá, èrè rẹ̀ lórí oògùn kò tó ti ẹni ọdún 65 tó ń mu sìgá. Ọjọ́ orí, sìgá, ṣúgà, kíndìnrín, ìtàn ẹbí, gbogbo rẹ̀ ni dókítà tó mọṣẹ́ ń wò kó tó kọ statin. Bí ti yín ò bá wò wọ́n, ẹ bi í. Níbi yìí, èmi àti ẹ̀yin wà lójú kan náà.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́

Mi ò rò pé màá fojú mi rí ọjọ́ yìí.

Àkànní Oníbéèrè (ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. Mo gbé ìwé ọjọ́ méje lọ bá dókítà. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, 131/82 ló ń jẹ́, kì í ṣe 124. Wọ́n yọ lisinopril, wọ́n fún mi ní losartan 50. Amlodipine di 5, wọ́n sì fi indapamide díẹ̀, oògùn tó ń múni tọ̀, kún un. Mo bínú pé mo wá gba oògùn kúrò, oògùn sì di mẹ́rin! Dókítà ní díẹ̀díẹ̀ oríṣiríṣi ń mú BP wálẹ̀ ju púpọ̀ oríṣi kan lọ, ìnira rẹ̀ á sì kéré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nítorí kíndìnrín, pọtásíọ̀mù àti sódíọ̀mù, gbogbo rẹ̀ dára.

Ikọ́ lọ lọ́sẹ̀ kẹta. Ìbọ̀sẹ̀ mi ò fi àpá sílẹ̀ mọ́. Ní ti itan, CK mi wà bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n fi statin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Itan ṣì ń ro mí. Ìgbà náà ni mo rántí pé oṣù tí itan bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò, torí pé wọ́n ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Mo ti padà sórí statin, mo sì gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀.

Àmọ́ ohun tó gbé mi wá gan-an ni ìyàwó mi, ẹni tó ní oògùn ti pọ̀ jù lára mi. Ó ní kí n wọn òun náà ká fi ṣeré. 152/94. Ó ní ẹ̀rọ náà ń purọ́.

Nọ́ọ̀sì Àìsùn

Ó lè jẹ́ pé ó ń purọ́ lóòótọ́. Ẹ ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ̀yin náà, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà yẹn o.